Ìbéèrè Tó Wà Lẹ́yìn "A Dúpẹ́"

Ata ni ìyàwó mi ń lọ̀ ní ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn. Inú asanka ni ó ti ń lọ̀ ọ́, àwo amọ̀ onílà tí gbogbo ilé ní Accra fi ń lọ ata. Èmi jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wa ní Kotobabi, mo ń ka ọ̀rọ̀ tí a ó lọ sọ fún àwọn aránṣọ ọjà Kantamanto ní Ọjọ́bọ̀ sí i létí. Mo kà, mo kà. Kò gbójú sókè.

"Bàbá Ràṣídà," ó ní, "ọ̀rọ̀ yìí gùn bí ojú irin."

"Ìwádìí ọdún méjì ni, Ìyá Ràṣídà. Báwo ni kò ṣe ní gùn?"

"Àwọn aránṣọ kò ní dá ẹ̀rọ dúró nítorí rẹ̀. Ẹ̀rọ ni kí ẹ máa fetí sí. Bí ẹ̀rọ bá ṣì ń dún, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ yín." Ó fi ìka kan ata, ó fi kàn mí lẹ́nu. "Ṣé iyọ̀ tó?"

Iyọ̀ tó. Ó lọ kírun ọ̀sán, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Ọjọ́bọ̀ náà kọjá, a kò lọ sí Kantamanto. Ọ̀rọ̀ àwọn aránṣọ wà lọ́wọ́ mi bí ẹrù olóhun tí a kò tíì dá padà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dá a padà, nítorí láti ìgbà tí mo ti mọ iṣẹ́ yìí, Ṣìfáwù ìyàwó mi ni ó ń bá mi dá ọ̀rọ̀ padà. Kí n tó sọ bó ṣe parí sí, ó yẹ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe dùn! Olùkọ́ yunifásítì ni mí. Ohun tí mo ń kọ́ni ni ọkàn òṣìṣẹ́: ohun tó ń mú kí èèyàn fẹ́ràn ibi iṣẹ́ rẹ̀ tàbí kó sá kúrò níbẹ̀, ọ̀nà tí ẹnìkan fi ń di ọ̀gá lójú àwọn yòókù, ìdí tí ọwọ́ fi ń yá ní iléeṣẹ́ kan tó sì ń wúwo ní òmíràn. Bàbá mi, tó ní ṣọ́ọ̀bù mílíìkì àti ṣúgà ní Kotobabi, kò gbà pé iṣẹ́ ni.

"Ẹ wá gbọ́," ó máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìta mọ́sálásí. "Ọmọ mi ń wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn."

"Ta ló wá ń wo òun?" ọ̀kan nínú wọn á béèrè.

"Èmi ni," bàbá mi á dáhùn, wọn á sì rẹ́rìn-ín títí.

Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gba àlàyé. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ni, rédíò aládàáni ń yọ bí olú, àwọn èèyàn tó ti pa ẹnu mọ́ lábẹ́ sójà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ̀ka wa ní yunifásítì nílò ọ̀dọ́. Mo kọ̀wé, wọ́n pè mí. Owó oṣù kéré. Ó tán.

Ọ̀gá tó kọ́ mi ni ó yẹ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ Gáà ni, olórí ẹ̀ka wa, ọkùnrin kúkurú tí ẹ̀wù rẹ̀ kì í rún. Ataa Nii ni gbogbo wa ń pè é, bí àwọn Gáà ṣe ń pe bàbá àgbà. Ó kàwé dé òkè òkun, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa bi òṣìṣẹ́ kan ní ọ̀rọ̀ kan títí a ó fi mọ jíjókòó.

"Anago," ó pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá ní Accra, "lọ jókòó sí Agbogbloshie, níbi tí wọ́n ti ń já iṣu. Má béèrè ohunkóhun."

"Títí di ìgbà wo, sà?"

"Ìbéèrè nìyẹn. Mo ní kí o má béèrè."

Mo lọ. Àwọn ọkọ̀ ẹrù ń dé láti àríwá, iṣu ga lórí wọn bí ilé, àwọn aláàárù ń jù ú láti ọwọ́ dé ọwọ́. Lọ́jọ́ kejì mo sáré padà pẹ̀lú ìwé tó kún dẹ́múdẹ́mú: mo ti rí olórí wọn, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ ń sán bí àrá. Ataa Nii kò ka ìwé náà.

"Níbo ni wọ́n ń gbé oúnjẹ wọn sí tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́?"

"Mi ò kíyè sí i, sà."

"Ta ló kọ́kọ́ kí ọ láàárọ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé mi.

"Padà lọ, Anago. Ojú rẹ ti lọ síbẹ̀, ìwọ fúnra rẹ kò tíì dé ibẹ̀."

Mo bínú, mo padà. Mo jókòó sórí àpò títí mo fi di ara ibẹ̀, títí wọ́n fi ń rán mi lọ pọn omi bí ọmọ wọn. Lọ́jọ́ kan, ó là mí lójú! Olóhùn àrá pariwo pé kí wọ́n tún já ọkọ̀ kan sí i, kò sẹ́ni tó mira. Bàbá arúgbó kan wà tí kì í gbé iṣu kankan. Ìdí abọ́ oúnjẹ wọn ló máa ń jókòó sí. Bàbá yìí kàn mú ọmọrí, ó fi bo abọ́. Gbogbo wọn dìde, wọ́n lọ já iṣu. Ẹni tó ń ṣọ́ abọ́ ni ọ̀gá! Mo sáré dé ìdíkọ̀ trotro, bọ́ọ̀sì kékeré wa, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé bàtà mi kan sẹ́yìn. Ataa Nii gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin, ó da tíì sí ife kejì, ó sì tì í sí mi. Kò fún mi ní tíì rí ṣáájú ọjọ́ náà.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, kó kọ́ jíjókòó kó tó kọ́ ìbéèrè.

Òfin kejì ti Ataa Nii tún le ju ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ tí o bá gbà lẹ́nu òṣìṣẹ́, kí o tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, padà lọ sọ ọ́ fún un ní gbangba, ní èdè tó gbọ́. Bí kò bá gbà pé òun ló sọ ọ́, kò tíì di ìmọ̀. "Àwo tí wọ́n fi bu ọbẹ̀ fún ọ," ó máa ń wí, "o kì í jẹ́ kó pẹ́ nílé rẹ." Dídá ọ̀rọ̀ padà ni a ń pè é. Ibi dídá ọ̀rọ̀ padà ni àjálù sì ti bá wa.

Iléeṣẹ́ ọṣẹ kan wà nígbà náà. Kò sí mọ́ báyìí. Àwọn obìnrin tó ń fi bébà wé ọṣẹ níbẹ̀ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ léraléra, àwọn aláṣẹ sì ní ká wá wádìí ohun tó fà á. A jókòó bí òfin ṣe wí. Lẹ́yìn náà a béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé iṣẹ́ yìí tẹ́ yín lọ́rùn? Àwọn Mùsùlùmí inú wọn ní, "Alhamdulillah." Àwọn Akan ní, "Nyame adom," oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni. Àwọn ọmọ Yorùbá ní, "A dúpẹ́." Gbogbo rẹ̀ pátá ni a kọ sábẹ́ "ó tẹ́ wọn lọ́rùn".

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Bó bá jẹ́ òyìnbó ló béèrè, ì bá tún un béèrè, torí ìdáhùn náà kò ní yé e. Ṣùgbọ́n ọmọ onílé ni wá. Ta ló ń tún ọ̀rọ̀ bi ẹni tó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run? Àfi bíi pé a ní kó di aláìmoore. Ẹ̀kọ́ ilé tí àwọn ìyá wa kọ́ wa ni ó dí wa létí, àti èmi, àti Ataa Nii, àti gbogbo ẹ̀ka wa.

A padà lọ dá ọ̀rọ̀ padà nínú àgbàlá iléeṣẹ́ náà. Máníjà wá dúró tì wá. Èmi ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀.

"A rí i pé iṣẹ́ yìí tẹ́ ọ̀pọ̀ nínú yín lọ́rùn," mo ní.

Máníjà ló fèsì. "Ẹ ti gbọ́ o!" ó ní. "Ẹnu ara yín ló ti jáde. Ìsinmi ìrọ̀lẹ́ tí ẹ ń gbà, a ti wá rí i pé ẹ kò nílò rẹ̀. Láti òní lọ, kò sí mọ́."

Obìnrin kan dìde láàárín wọn, ọmọ Fante tí wọ́n ń pè ní Esi. Ọṣẹ kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ béèrè, a ní a dúpẹ́," ó ní. "Kí lẹ fẹ́ ká sọ? Ká bú Ọlọ́run níwájú àlejò?"

Ó ju ọṣẹ náà. Èjìká Ataa Nii ló bà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọṣẹ rọ̀ lé wa lórí bí yìnyín. Kí ọjọ́ tó kanrí, wọ́n ti ti géètì pa, àwọn obìnrin jókòó síta, wọ́n ní àwọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn aláṣẹ yunifásítì ránṣẹ́ pé bí a kò bá tún ohun tí a bàjẹ́ ṣe, ẹ̀ka wa kò ní rí ọdún tó ń bọ̀. Ataa Nii ń fi róòbù ra èjìká, ohùn rẹ̀ kò yí padà.

"Ìbéèrè kan wà lẹ́yìn 'a dúpẹ́'," ó ní. "Ẹ lọ wá a wá."

Mo relé pẹ̀lú ìtìjú. Ṣìfáwù ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́bàá Kantamanto. Accra ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá, Twi, Gáà àti Haúsá, ó sì ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bú mi. Ràṣídà ọmọ wa ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́ nígbà náà. Ìyá rẹ̀ wo ẹ̀wù mi.

"Wọ́n fọ̀ yín ni?" ó ní.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Ràṣídà, nígbà tí àwọn èèyàn mi wá wádìí yín kí wọ́n tó fi mí fún yín, ṣé ẹ rò pé wọ́n béèrè bóyá ẹ dára?"

"Kí ni wọ́n béèrè?"

"Tó bá jẹ́ ìyẹn ni, gbogbo Kotobabi á ní a dúpẹ́, ọmọ dáadáa ni. Ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò yín ni pé, tó bá jẹ́ ọmọ tiyín ni, ṣé ẹ ó fi fún un?"

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Ìyá kan ní òun á fi fún un, àmọ́ òun á kìlọ̀ fún ọmọ òun pé ọkùnrin náà máa ń gbé oúnjẹ kaná kó gbàgbé." Ó sọ Ràṣídà kalẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Òótọ́ ìyá yẹn sì ni."

Mo dìde. Mo jókòó. Mo tún dìde tọmọtọmọ! Ìwádìí ìgbéyàwó, ohun tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe kí ilé ìwé kankan tó dé! Èèyàn kì í fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ ráhùn lójú Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kò ní fi ọmọ tirẹ̀ sínú ewu nítorí àtidúpẹ́. Bí mo ti ń kọ èyí, ọkàn mi tún ń lù kìkì.

Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ẹnu géètì iléeṣẹ́ ọṣẹ, Ràṣídà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ṣìfáwù kí àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìdí ìlà, lọ́dọ̀ àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í kí. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín wọn. Lẹ́yìn náà a béèrè: bí àbúrò yín obìnrin bá fẹ́ wá ṣe iṣẹ́ yìí, kí lẹ ó sọ fún un?

Ọ̀rọ̀ ya bí odò! Wọ́n sọ nípa ọṣẹ tó ń bó ìka, wọ́n sọ nípa ooru. Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo wọn ń parí rẹ̀ sí, kò sẹ́nìkan nínú wa tó ronú kàn án: wọn kò gbọ́dọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Esi kọ̀yìn sí mi. Ṣìfáwù ló bi í, Esi sì dá a lóhùn.

"Màá sọ fún àbúrò mi pé, ọ̀rọ̀ tó o gbé wá láàárọ̀, wàá gbé e padà sílé nírọ̀lẹ́, á ti kan nínú rẹ."

A tún dá ọ̀rọ̀ padà nínú àgbàlá kan náà, níwájú máníjà kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí Ṣìfáwù ló sọ ọ́, ní Twi. "Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?" ó bi wọ́n níkẹyìn. Wọ́n hó yè! Wọ́n ṣí géètì, ìsinmi ìrọ̀lẹ́ padà, òfin ìdákẹ́ lọ. Esi nìkan ni wọn kò gbà padà, nítorí òun ló kọ́kọ́ ju ọṣẹ. Ṣìfáwù mú un lọ sí Kantamanto, sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń tún aṣọ òkìríkà rán, ó sì kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀ka wa kò kú. Ataa Nii fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìbéèrè náà sójú pátákó, ó ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n sórí. "Ìbéèrè ìyàwó Anago" ni orúkọ tó fún un. Ẹlòmíràn ì bá fi orúkọ ara rẹ̀ pè é.

Láti ìgbà náà, ibikíbi tí mo bá ti fẹ́ ṣèwádìí, Ṣìfáwù á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ tí a ń bẹ̀rẹ̀ àti lọ́jọ́ tí a ń dá ọ̀rọ̀ padà. A dé báǹkì, a dé ilé ìwòsàn, a dé òtẹ́ẹ̀lì etíkun. Òun ni ẹnu, èmi ni ìwé. Ní báǹkì kan, ó kọ́kọ́ lọ kí àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó fi máníjà ṣe ìkẹyìn, mo sì rò pé ó ti ba nǹkan jẹ́. Kò pé wákàtí kan tí mo fi mọ ẹni tó ń bá ẹni jà nínú ilé náà látòkè délẹ̀.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, káàdì àti pẹ́ńsùlù ni. À ń tẹ́ káàdì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá, à ń kúnlẹ̀ kà wọ́n, a kì í ṣí fèrèsé nígbà ọyẹ́. Lẹ́yìn náà ni rẹ́kọ́dà dé. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń jí ẹ̀rọ ògbólógbòó dìde ní Agbogbloshie ni mo ti ra tèmi. Ó ń jẹ téèpù bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ fi gbọ́ ohùn òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, tí mo gbọ́ bó ṣe dákẹ́ díẹ̀ kó tó sọ pé "a dúpẹ́", mo pariwo nínú yàrá! Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni ìdáhùn, etí wa kò sì gbọ́ ọ lójúkojú. Ohùn Ṣìfáwù wà nínú ọ̀pọ̀ téèpù wọ̀nyẹn. Wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò tíì tẹ ọ̀kankan.

Kọ̀ǹpútà wá dé, ó ń ṣírò ní ìṣẹ́jú kan ohun tó ń gbà wá ní odindi sáà. Fóònù dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdáhùn á dé kí omi tíì tó hó. Mo wo àtàǹpàkò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń nà sókè lójú fóònù, mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó," mo ní, "'a dúpẹ́' tún ti dé. Aṣọ ló pààrọ̀." Ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn, irinṣẹ́ tó yára kò burú, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ojú lọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí Ataa Nii fẹ̀yìn tì, èmi ni mo gba ìjókòó rẹ̀, ó wá kàn mí láti máa da tíì. Èmi náà fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ mi kò sinmi. Ṣìfáwù ló ní ká lọ sọ́dọ̀ àwọn aránṣọ Kantamanto, tí Esi ti di ìyá ìlà wọn, olórí gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ń sá, wọ́n sì fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Inú ìwádìí yẹn ni a wà nígbà tó kú.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ rẹ̀, Ràṣídà pè mí láti Kumasi. "Dádì, ẹ kàn fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù. Wọ́n á gbọ́."

"Ìyá rẹ kì í fi ránṣẹ́," mo ní.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo wọ trotro. Aṣọ òkìríkà ga ní òkìtì òkìtì, àwọn aláàárù obìnrin ń gbé bélì aṣọ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Mo dúró síbi tí Ṣìfáwù máa ń dúró sí.

Esi rí mi. Kò dá ẹ̀rọ dúró. "Prof, due," ó ní, bí àwọn Akan ṣe ń kí ọlọ́fọ̀. "Due, due. Báwo lara?"

"A dúpẹ́," mo ní.

Ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ó wò mí.

"Àbúrò yín ọkùnrin kan wà," ó ní. "Ìyàwó rẹ̀ kú, ó wá bá yín. Kí lẹ ó sọ fún un?"

Ó ti mú mi. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kí n dáhùn, ṣebí èmi ni mo ni ìbéèrè.

"Màá ní kó lọ dá ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀ padà," mo ní. "Màá sì ní kó má máa dá jẹun."

"Ṣé ó ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Kò tíì jẹun."

Esi fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó sí mi. Ó tú ewé lára kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo líle àwọn ará Accra, ó gbé ẹja díndín sí i, ó bu ata sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ata yìí kò tó ti Màdámù o," obìnrin kejì ní.

"Iyọ̀ rẹ̀ tó," mo ní, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Mo fọwọ́, mo lọ sí ìdí ìlà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Prof, Twi yín ṣì ń tiro!" ọ̀kan ké sí mi. "Ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi," mo ní, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ìwé gígùn náà wà lápò mi. Mi ò yọ ọ́.

"Ọmọ iṣẹ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ kọ́ ní títú aṣọ kì í sá," mo ní. "Èyí tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé sídìí ẹ̀rọ ló ń sá. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Esi dákẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e dákẹ́. Mo fetí sí wọn bí wọ́n ṣe ń dúró, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, títí dé ìdí ìlà, títí mo fi gbọ́ ohùn ara mi.